Epo Tó Jò Lábẹ́ Ilẹ̀: Báwo La Ṣe Ń Tọpa Rẹ̀ Dé Kànga?

Ní Ọ̀tà, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu. Ẹni tó lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó gbé táǹkì omi sórí òpó. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìyẹn gbẹ́ kànga onírìǹgì sẹ́yìnkùlé. Ayálégbé tí kò ní méjèèjì ra omi lọ́wọ́ aládùúgbò. Ilé epo náà sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀nà ńlá méjì ló gba ìlú náà kọjá: èyí tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, àti èyí tó yà ní Ṣàngó lọ sí Ìdìrókò ní ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ilé iṣẹ́ ń mu epo, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń mu epo. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tó wà láàárín ilé epo kan àti kànga tí wọ́n ti ń pọnmi ọbẹ̀ lè má ju ògiri kan ṣoṣo lọ.

Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn nìyí: bí epo bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, báwo làwọn olùwádìí ṣe ń mọ̀ pé ó jò, ibi tó gbà, àti kànga tó ń lọ bá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo abẹ́ kọnkéré ilé epo. Inú àwọn táǹkì onírin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni epo wà, páìpù ló ń gbé e wá sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tà á. Táǹkì bẹntiróòlù yàtọ̀, ti dísù yàtọ̀. Táǹkì kan lè gba gbogbo ohun tí tánkà onílítà 33,000 bá gbé wá. Irin ni, inú ilẹ̀ tútù ló wà, ọdún sì ń gorí ọdún. Ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ lójú kan, á máa jẹ irin náà wọnú títí yóò fi lu ihò tó tó orí abẹ́rẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, táǹkì kọ́ ló ń kọ́kọ́ jò pàápàá. Ibi tí páìpù ti so mọ́ páìpù ni, nítorí ọkọ̀ ńlá ń gun orí rẹ̀, ilẹ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀, ìdè á sì tú. Ẹnu ihò tí tánkà ń já epo sí náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Díẹ̀ ló ń dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ họ́ọ̀sì, àmọ́ díẹ̀ yẹn ń tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà tí tánkà bá wá.

Ká ní ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ń kán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú kó tún mọ́, ó ti lé ní lítà 4. Lọ́dún kan, ó ti lé ní lítà 1,500. Ṣé máníjà ilé epo kò ní mọ̀ ni? Ó lè má mọ̀. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n sàmì sí ni wọ́n ń tì bọ táǹkì láràárọ̀ láti wo bí epo ṣe ga tó. Nínú táǹkì onílítà 33,000 tó dùbúlẹ̀, tó sì dé ìdajì, mìlímítà kan ṣoṣo lórí ọ̀pá náà lé ní lítà 15. Ta ni yóò fi ojú lásán rí lítà 4 lórí ọ̀pá bẹ́ẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, epo máa ń wú nínú ooru, ó sì máa ń súnkì bí ara rẹ̀ bá tutù. Bí tánkà bá já lítà 33,000 tó ti yá lójú oòrùn sínú táǹkì abẹ́ ilẹ̀, tí epo náà sì fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 5 tutù, ó lè dín ní ohun tó ju lítà 150 lọ láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan jò.

Ohun tí ọ̀pá kò lè sọ lọ́jọ́ kan, ìwé àkọsílẹ̀ lè sọ ọ́ lóṣù kan. Bí wọ́n bá ń kọ ohun tí tánkà já, ohun tí mítà ẹ̀rọ sọ pé wọ́n tà, àti ohun tí ọ̀pá sọ pé ó kù, àṣìṣe ojú á máa lọ sókè lónìí, á máa lọ sísàlẹ̀ lọ́la, yóò sì máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Jíjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló ń fà sí, ìyẹn àdánù. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, lítà 4 òòjọ́ ti di nǹkan bí 130, ó sì ti hàn nínú ìwé. Àmì mìíràn wà tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń fi ìpara aláwọ̀ wúrà kan pa ìdí ọ̀pá kí wọ́n tó tì í bọ táǹkì. Ibi tí omi bá kàn lára ìpara náà á di pupa. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló ń jókòó sí. Bí pupa yẹn bá ń ga sí i ní àsìkò òjò, tí ìdérí táǹkì sì dì dáadáa, ó ṣeé ṣe kí omi máa gba ihò kan wọlé láti inú ilẹ̀. Ihò tí omi gbà wọlé nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ga, epo lè gbà á jáde nígbà tó bá rẹlẹ̀.

Lójú tèmi, ìwé àkọsílẹ̀ yìí ló yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ béèrè, kó tó gbé irin kankan wọlé. Ilé epo tí kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rí kankan láti fi sọ pé táǹkì òun kò jò.

Ó dáa, epo ti jáde. Ibo ló gbà? Láti dáhùn, a gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ní apá òkè ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi ló jọ ń gbé nínú àlàfo tó wà láàárín hóró iyanrìn. Bí a bá walẹ̀ síwájú, a ó dé ibi tí omi ti kún gbogbo àlàfo náà pátápátá. Ibi tí kíkún yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni a ó máa pè ní ojú omi abẹ́ ilẹ̀. Iyanrìn tó gba omi mọ́ra, tó sì ń tú u sínú kànga, ni a ó máa pè ní ìpele agbomi.

Abẹ́òkúta jókòó lórí àpáta, bí òkè Olúmọ ṣe fi hàn. Omi ibẹ̀ ń gbé nínú ẹ̀là òkúta àti ilẹ̀ tó jẹrà lórí rẹ̀. Ọ̀tà kò rí bẹ́ẹ̀. Orí agbada ńlá kan ló wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ lórúkọ Dahomey, tó nà láti ìlà-oòrùn Gánà gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wọ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ohun tó kún agbada náà ni iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Ní Ọ̀tà, ilẹ̀ pupa tó dàpọ̀ mọ́ amọ̀ ló sábà máa ń wà lókè, ìpele iyanrìn àti ti amọ̀ á sì máa gorí ara wọn nísàlẹ̀. Iyanrìn tó ń jẹ́ kí kànga lómi náà ló ń jẹ́ kí epo rí ọ̀nà kọjá. Amọ̀ ń dá a dúró díẹ̀, àmọ́ dídádúró yẹn ní ewu tirẹ̀. Epo tó bá gúnlẹ̀ sórí amọ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ̀ lé dídà amọ̀ náà, ó sì lè yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ṣáláńgá àtijọ́, sókàwéè àti kànga tí wọ́n pa tì tún ń ṣí ọ̀nà àbùjá fún un.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, epo náà ń pín. Apá kan há sínú ilẹ̀. Ẹ wo igbá tí a fi bu epo pupa. Bí a tilẹ̀ dà á nù tán, igbá náà ṣì ń dán, omi tí a bá sì bù sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta á ṣì máa gbé epo díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni hóró iyanrìn ṣe ń di bẹntiróòlù mú, tí òjò ọdọọdún á sì máa fọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí dídí ihò táǹkì nìkan kò fi parí ọ̀rọ̀.

Bí epo tó jò bá pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè há mọ́ra lọ, ìyókù á dé ojú omi abẹ́ ilẹ̀. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà kò ní rì. Á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi náà, èyí ni epo tó léfòó. Láti ara rẹ̀ ni apá kẹta ti ń jáde: àwọn èròjà kan nínú epo ń yòrò sínú omi, omi á sì gbé wọn lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Bí a bá ya ibi tí omi elépo yìí gbà sórí ìwé, á rí gbọọrọ, á gbòòrò nídìí táǹkì, á sì tín-ín-rín lọ síwájú. Ìrù èérí ni mo fẹ́ máa pè é. Apá kẹrin di afẹ́fẹ́, ó ń gba àlàfo inú ilẹ̀ gòkè, ó lè wọ yàrá láti abẹ́ sìmẹ́ǹtì tó sán, ó sì lè kún inú kànga. Ẹni tó bá sọ àtùpà tàbí ìṣáná tó ń jó sínú irú kànga bẹ́ẹ̀ lè kú síbẹ̀.

Ohun kan ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà nípa epo tó léfòó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú omi abẹ́ ilẹ̀ ń rẹlẹ̀, epo á bá a sọ̀ kalẹ̀, á máa fi ara kun iyanrìn bó ṣe ń lọ. Nígbà òjò, omi á ga, á bo apá kan epo náà mọ́ àárín iyanrìn, kò sì ní lè yọ sókè mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, kànga tí epo dà bò lójú omi ní oṣù Ẹrẹ́nà lè fi omi tó mọ́ lójú hàn ní oṣù Òkudù, kó sì tún padà rí bó ṣe rí nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Olùwádìí tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú òjò, tó sì kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ń ṣe kànga, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Ìtàn kan tó sún mọ́ Ọ̀tà lórí ọ̀rọ̀ yìí wà ní Bárúwà, lágbègbè Ìpájà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, àdúgbò tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ṣàngó. Kì í ṣe ilé epo ló fà á níbẹ̀, páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ epo ìjọba fi ń gbé epo tí wọ́n ti fọ̀ kiri ni. Láti àárín ẹ̀wádún 1990 ni àwọn ará àdúgbò náà ti ń ké pé omi kànga àwọn ń rùn fún epo, ọ̀pọ̀ kànga ni wọ́n sì pa tì. Títí dé ẹ̀wádún 2010, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán, omi rírà ni wọ́n ń mu. Ohun tí Bárúwà fi kọ́ wa ni pé irú ilẹ̀ oníyanrìn yìí, bó bá gba bẹntiróòlù mọ́ra, kì í tètè tú u sílẹ̀.

Àmọ́ ṣé òórùn ló yẹ ká dúró dè? Ọ̀kan nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èròjà tó para pọ̀ di bẹntiróòlù ń jẹ́ bẹ́ńsíìnì. Ó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kò sì sí iyèméjì láàárín àwọn onímọ̀ lórí ìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi mímu kan. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù. Ká wá ní lítà bẹntiróòlù kan ní bẹ́ńsíìnì tó jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn lé ní gíráàmù 8, ó sì tó láti ba omi tó ju lítà 800,000 lọ jẹ́ dé ojú òdiwọ̀n yẹn. Tánkà onílítà 33,000 mẹ́rìnlélógún kò lè gbé omi náà tán.

Imú wa kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn tó lè gbọ́ òórùn bẹ́ńsíìnì nínú omi, ó ti ju òdiwọ̀n yìí lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Lóòótọ́, àwọn èròjà mìíràn nínú epo tètè ń rùn, àwọn ló sì máa ń ta wá lólobó. Ṣùgbọ́n bẹ́ńsíìnì ń yòrò nínú omi jù wọ́n lọ, ilẹ̀ kì í sì dì í mú tó wọn, nítorí náà òun ló sábà máa ń ṣíwájú nínú ìrù èérí. Ilé tí omi rẹ̀ ń rùn ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun mu ún. Ẹni tí ọkàn mi ń bà jẹ́ fún ni aládùúgbò tó wà ní iwájú díẹ̀, tí omi tirẹ̀ kò rùn, tí gbogbo àdúgbò sì ti ń wá pọnmi lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ bí bẹ́ńsíìnì ṣe lè pọ̀ tó nínú omi tí ènìyàn ń mu wà ní Ògóni. Nígbà tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, UNEP, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù Ògún ọdún 2011, wọ́n ròyìn ìlú Nisisioken Ogale ní Eleme, ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn ènìyàn ń mu omi kànga tí bẹ́ńsíìnì inú rẹ̀ ju òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ ní ìlọ́po 900. Epo tí wọ́n ti fọ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe epo rọ̀bì, nítòsí páìpù ilé iṣẹ́ epo ìjọba. Nínú kànga kan tí àwọn olùwádìí gbẹ́ síbẹ̀, epo tó léfòó lórí omi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Kí wọ́n tó lè kọ ìwé ìwádìí náà, wọ́n ti gbẹ́ ihò ilẹ̀ 780 jákèjádò Ògóni, wọ́n sì yẹ kànga 142 wò.

Ní ilé epo kan ṣoṣo, ihò mélòó kan lè tó, bí a bá mọ ibi tó yẹ ká gbẹ́ wọn sí. Lẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ táǹkì, olùwádìí á rìn yí àdúgbò ká. Á béèrè kànga tó wà láyìíká, bó ṣe jìn tó, ta ní ń mu ún, ìgbà tó kọ́kọ́ rùn. Á wo gọ́tà, á béèrè ibi tí ilé epo náà rì táǹkì àtijọ́ sí kó tó ra tuntun, nítorí táǹkì tí wọ́n pa tì lè ṣì ní epo nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi irin tí wọ́n ń fọwọ́ yí gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á máa yọ erùpẹ̀ rẹ̀ jáde ní mítà-mítà. Wọ́n á bu erùpẹ̀ náà sínú ọ̀rá, wọ́n á dì í, wọ́n á fi í sílẹ̀ díẹ̀ kó lè tú afẹ́fẹ́ epo sínú ọ̀rá, wọ́n á wá ti ẹnu ẹ̀rọ agbóòórùn bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà ń tan irú ìmọ́lẹ̀ kan sí afẹ́fẹ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ náà ń já iná mànàmáná díẹ̀ kúrò lára èròjà epo, ẹ̀rọ á sì ka iye rẹ̀. Bí iye náà bá kéré lókè, tó wá fò sókè lójijì ní mítà 4, olùwádìí ti rí ibi tí epo ti gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ yìí bá dé orí omi ni ọgbọ́n rẹ̀ ń hàn jù. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń rìn. Nínú iyanrìn, ó lè rìn sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lóòjọ́, ó sì lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá ibo ló ń lọ? Dídà ojú ilẹ̀ lè tan ni jẹ, kànga méjì kò sì lè sọ ọ́. Mẹ́ta ni a nílò ó kéré tán, tí wọn kò sì tò sórí ìlà kan náà. Kànga ìṣọ́ ni mo ń pè wọ́n, nítorí a kò gbẹ́ wọn fún mímu. Wọ́n á fi ẹ̀rọ sọ́fíò wọn bí ẹnu kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, wọ́n á wọn jíjìn omi láti ẹnu kànga, wọ́n á sì yọ èkejì kúrò lára èkíní. Ká ní ojú omi wà ní gíga mítà 41.20 nínú kànga àkọ́kọ́, 41.05 nínú èkejì, 40.90 nínú ẹ̀kẹta. Lórí àwòrán, olùwádìí á fa ìlà láti kànga àkọ́kọ́ dé ẹ̀kẹta, á sì wá ibi tí 41.05 yóò bọ́ sí lórí ìlà náà. Àárín gbùngbùn ni. Á wá so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ kànga kejì. Gbogbo ojú ìlà tuntun yìí ni omi ti ga dọ́gba. Omi kì í sì í rìn gba ibi tó ga dọ́gba, ńṣe ló ń dá ìlà náà kọjá gbọnrangandan, láti ibi tó ga lọ síbi tó rẹlẹ̀. Ọ̀nà ìrù èérí nìyẹn, iwájú ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbẹ́ kànga ìṣọ́ tó kù sí. Wọ́n á tún fi ọ̀kan sẹ́yìn, kí omi tó dé abẹ́ ilé epo, kí ẹ̀bi ẹlòmíràn má baà di ti ilé epo náà.

Páìpù kànga ìṣọ́ ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà wọlé. Ojú yìí gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀ ojú omi, kí epo tó léfòó lè rí ọ̀nà wọlé. Kànga ẹ̀rọ inú ilé kì í rí bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń fa omi. Nítorí náà, kànga ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ mọ́ kò jẹ́rìí pé kò sí epo lókè rẹ̀. Bí wọn kò bá sì fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, òun gan-an lè di àtẹ̀gùn tí epo yóò gbà dé ìpele agbomi ìsàlẹ̀.

Bíbu omi fún àyẹ̀wò gba sùúrù. Wọ́n á kọ́kọ́ fa omi tó ti ń jókòó nínú páìpù dànù, wọ́n á rọra fà á kó má baà ru. Ìgò kékeré onímìlílítà 40 ni wọ́n ń lò, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe ike omi mímu tí wọ́n ṣà. Ẹ̀kán ásíìdì díẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti pa kòkòrò àìfojúrí, kí wọ́n má baà jẹ bẹ́ńsíìnì náà kó tó dé ilé àyẹ̀wò. Olùwádìí á rọra da omi sí i títí omi yóò fi wú bí òkìtì kékeré lẹ́nu ìgò, á wá dé e. Á dorí ìgò náà kodò, á fi ìka lù ú, á sì wò ó lójú oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́, nítorí bẹ́ńsíìnì á sá kúrò nínú omi lọ sínú afẹ́fẹ́ náà. Ó di kó bu òmíràn. Inú yìnyín ni ìgò yóò wà títí yóò fi dé ilé àyẹ̀wò. Ìgò ẹlẹ́rìí kan, tí wọ́n ti bu omi mímọ́ sí láti ilé àyẹ̀wò, á bá àwọn tó kù lọ, á bá wọn bọ̀. Bí wọ́n bá rí bẹ́ńsíìnì nínú ìgò ẹlẹ́rìí, ojú ọ̀nà ló ti wọlé, bóyá láti ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu epo sí jẹnẹrétọ̀ kó tó fọwọ́ kan ìgò. Gbogbo ẹni tí ìgò bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló ń fọwọ́ sí ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè dé ilé ẹjọ́.

Ní Ṣàngó, ẹ̀bi kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ilé epo méjì lè kọjú síra, mẹkáníìkì wà lẹ́yìn wọn, ilé iṣẹ́ sì ní táǹkì dísù tirẹ̀. Nínú ilé àyẹ̀wò, ẹ̀rọ kan wà tó ń gba àdàlù epo, tó sì ń tú àwọn èròjà rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó fúyẹ́ á jáde ṣáájú èyí tó wúwo. Bẹntiróòlù á kó ara jọ síwájú, dísù á tẹ̀ lé e, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì dà sílẹ̀ á jáde kẹ́yìn. Ọjọ́ orí náà ní àmì tirẹ̀. Ìparí ọdún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà parí yíyọ òjé kúrò nínú bẹntiróòlù, lẹ́yìn ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Dakar lọ́dún 2001. Bí wọ́n bá rí òjé epo nínú erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ táǹkì, jíjò àtijọ́ ni, ẹni tó ra ilé epo náà lánàá kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ òfin tó dá NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó bá dà, sílẹ̀ lọ́dún 2006, ẹni tí epo rẹ̀ dà gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún àjọ náà láàárín wákàtí 24. Ìtanràn 500,000 náírà ló wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi pa á mọ́. Àjọ NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀, ló ń fún ilé epo ní ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni kí ará àdúgbò gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ, kó sì kọ ọjọ́ tí omi rẹ̀ kọ́kọ́ yí padà.

Títí ìwádìí yóò fi parí, kí ilé tí ọ̀rọ̀ kàn má mu omi náà, kí wọ́n má sì fi dáná. Síse kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ooru á lé bẹ́ńsíìnì kúrò nínú ìkòkò, ó sì di kí ìyàwó ilé àti ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa mí i sínú.

Ìrù èérí kì í gùn láìlópin. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ń jẹ epo, wọ́n sì ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi láti fi jẹ ẹ́. Bí ọ́síjìn bá tán, àwọn irú mìíràn á máa lo irin tó wà nínú ilẹ̀ pupa, omi á sì di onírin. Ní California lọ́dún 1995, ilé ìwádìí Lawrence Livermore yẹ ọ̀pọ̀ ibi tí táǹkì ti jò wò. Ní nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìrù bẹ́ńsíìnì kò kọjá mítà 80. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ilé tó jìnnà. Àmọ́ ní Ọ̀tà, láàárín mítà 80 sí ilé epo, kànga mélòó ló wà? Bí kànga ẹ̀rọ ńlá kan bá sì ń fa omi lọ́sàn-án lóru fún títà, á máa fa ìrù náà mọ́ra, mítà 80 yẹn kò sì ní dúró.

Fún ìwẹ̀nùmọ́, wọ́n á kọ́kọ́ dá jíjò dúró, wọ́n á hú táǹkì àti erùpẹ̀ tó burú jù lọ. Wọ́n á fa epo tó léfòó jáde, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ kí epo tó há lè máa fò lọ, tàbí kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé kí àwọn kòkòrò lè ráyè jẹun. Ọdún mélòó kan ni iṣẹ́ yìí ń gbà. Lẹ́yìn tí bẹ́ńsíìnì bá ti lọ sílẹ̀ nínú gbogbo kànga ìṣọ́, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á sì dúró fún òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n á máa bu omi wò. Bí iye náà bá tún ń gòkè, epo ṣì há síbì kan nínú iyanrìn, wọ́n á sì tún tan ẹ̀rọ.